Ààwẹ̀ ìjọ ń bọ̀, aláìsàn sì pọ̀: kí ni kí ẹgbẹ́ abẹ̀wò sọ fún wọn nípa oògùn àti ìgbàgbọ́?

Abẹ̀wò_Apákẹ

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa o, ẹ̀yin ará. Ẹgbẹ́ abẹ̀wò ìjọ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni ìbéèrè yìí kàn. Ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àìsàn àwọn tí à ń bẹ̀ wò kò sì dọ́gba. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn kan ní ìtọ̀ ṣúgà, ìyá àgbàlagbà kan wà tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, bàbá kan sì wà tí wọ́n ní kó máa lọ fọ ẹ̀jẹ̀ nítorí kíndìnrín. Gbogbo wọn ló fẹ́ gbààwẹ̀. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé Jésù lóòótọ́, kó gbé oògùn tì fún ọjọ́ mẹ́ta péré yẹn. Àwọn kan ní rárá.

Kí là á sọ fún wọn? Báwo sì la ṣe ń gbàdúrà fún ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti pẹ́ débi pé kò fẹ́ gbọ́ "ó ti parí" lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́? Owó ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwe dá wa lóhùn. Ohun tí a lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lọ́jọ́ Ajé la fẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ibi tó lè pa èèyàn ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìyókù á tẹ̀lé e.

Onítọ̀ ṣúgà tó ń gún abẹ́rẹ́ insulin, tàbí tó ń lo glibenclamide, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, tàbí glimepiride, kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ àfi tí dókítà rẹ̀ bá gbà á láyè, tó sì tún ìwọ̀n oògùn náà ṣe. Ìdí ni pé àwọn oògùn yìí kì í béèrè bóyá èèyàn ti jẹun. Wọ́n á ṣáà máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ni. Bí oúnjẹ kò bá wọlé, ṣúgà á já sísàlẹ̀ 70 (mg/dL) lórí ẹ̀rọ ayẹ̀wò, wàhálà dé nìyẹn: òógùn tútù á bo èèyàn, ọwọ́ á máa gbọ̀n, àyà á máa já, ọ̀rọ̀ á dàrú lẹ́nu. Ẹ wá wo bí èyí ṣe máa rí láàárín ìsọ́ òru. Ẹni tó ń gbọ̀n, tó ń làágùn, tó ń sọ ohun tí kò yéni, a ó ní Ẹ̀mí ti bà lé e. A ó yí i ká, a ó máa pariwo lé e lórí, nígbà tó jẹ́ pé ṣúgà ni ọpọlọ rẹ̀ ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí fún gbogbo adarí àdúrà: onítọ̀ ṣúgà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nígbà ààwẹ̀, ṣúgà ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un.

Ṣíbí tíì mẹ́ta ṣúgà nínú ààbọ̀ ife omi ni, tó bá ṣì lè gbé nǹkan mì dáadáa. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá tíì kọjá 70, ẹ tún un fún un, lẹ́yìn náà kó jẹ oúnjẹ gidi. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ti tó. Tí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí, ẹ má dúró de ẹ̀rọ. Bí ó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ì báà jẹ́ òróró àdúrà. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ọsibítù.

Ti ẹ̀jẹ̀ ríru yàtọ̀. Amlodipine àti lisinopril kì í ṣe oògùn tó ń dúró de oúnjẹ. Ẹnu omi kan tó láti fi gbé e mì, mi ò sì rò pé Ọlọ́run á kọ ààwẹ̀ ẹnikẹ́ni nítorí ẹnu omi kan. Bí Alàgbà bá fẹ́ bá mi wí lórí ìyẹn, mo wà ńlẹ̀. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹni tó gbé oògùn tì lọ́jọ́ Ajé lè máà mọ nǹkan kan lára títí di ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn. Á wá dìde jẹ́rìí pé òun ti gba ìwòsàn, ìjọ á pàtẹ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ á sì máa gun òkè lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Rọpárọsẹ̀ ló máa ń tú àṣírí rẹ̀. Tí oògùn rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó ń mú kí èèyàn tọ̀ púpọ̀, bíi Moduretic, àìmumi látàárọ̀ dalẹ́ nínú oòrùn tiwa yìí lè gbẹ omi ara rẹ̀ débi pé á ṣubú tó bá dìde lójijì níbi àdúrà.

Bàbá tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ rárá, kò sì gbọdọ̀ fo ọjọ́ ìfọ̀jẹ̀ kankan. Ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ṣe é. Tó bá fò ó, omi lè kún inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, potassium, èròjà kan tó máa ń wà nínú oúnjẹ, sì lè ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi tí ọkàn máa dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Fún ìdí yẹn kan náà, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí gbogbo wa máa ń kó dání lọ kí aláìsàn kò dára fún un, potassium pọ̀ nínú wọn. Omi àdúrà náà ńkọ́? Dókítà ti díwọ̀n iye omi tó gbọ́dọ̀ mu lójúmọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé ìgò kan fún un pé kó mu ún tán.

Ìyá tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀: òróró níwájú orí, kò burú. Òróró sẹ́nu, ó burú púpọ̀. Àìsàn náà sábà máa ń ba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́, ohun tí a rò pé ó lọ sínú ikùn á gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Láàárín wákàtí méjì méjì ló yẹ kí wọ́n máa yí i padà kí egbò má bàa dá sí i nídìí. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí wọ́n yí i padà kẹ́yìn.

Aboyún, ẹni tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ jẹ́ SS, ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ife: gbogbo wọn kó jókòó síbi oúnjẹ wọn.

Alàgbà_Ìjẹrù

Kò sẹ́ni tó máa bá yín wí lórí ẹnu omi, Nọ́ọ̀sì.

Abẹ̀wò, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín ka Àwọn Ọba Kejì orí 20 pọ̀ kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àìsàn Hesekáyà ti dé ojú ikú. Ó gbàdúrà, ó sunkún, Ọlọ́run sì rán Àìsáyà padà pé òun yóò wò ó sàn, òun yóò sì fi ọdún 15 kún ọjọ́ rẹ̀. Ìlérí ti dé kí oògùn tó dé. Síbẹ̀, ní ẹsẹ 7, wòlíì kan náà tó mú ìlérí wá ló ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, wọ́n fi lé oówo náà, ara ọba sì dá. Ẹnu kan náà ló sọ méjèèjì. Bí Hesekáyà bá kọ èso ọ̀pọ̀tọ́ nítorí pé ó ti gba ìlérí, ọ̀rọ̀ wòlíì ló kọ̀ yẹn.

Jákọ́bù 5:14 ni gbogbo wa máa ń kà, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó rìn nínú rẹ̀. Aláìsàn ní kó ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ìjọ. Àwọn ni wọ́n ń wá bá a. Kò sí níbẹ̀ pé kí wọ́n gbé e gun òkè. Àdúrà ìgbàgbọ́ tí ẹsẹ 15 sọ, àwọn àgbà tó wá síbẹ̀ ló ń gbà á. Nínú Máàkù 2:5 náà, ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé arọ wá ni Jésù rí, kò sì sí àkọsílẹ̀ pé arọ náà sọ ohunkóhun. Nítorí náà, ẹni tó bá jókòó ti aláìsàn tó ní "ìgbàgbọ́ yín ló kéré" ti gbé ẹrù àwọn tó gbé ẹní lé ẹni tó wà lórí ẹní. Bí ẹnì kan bá sọ pé ìgbàgbọ́ òun kò tó, ẹ fún un ní àdúrà baba ọmọ inú Máàkù 9:24: "Olúwa, mo gbàgbọ́; ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Jésù kò lé baba yẹn padà, ọmọ rẹ̀ sì rí ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Àwọn tí ìwòsàn pẹ́ kí ó tó dé bá, tàbí tí kò dé bá, wà nínú Bíbélì kan náà. Pọ́ọ̀lù tí wọ́n ń mú aṣọ ìnujú ara rẹ̀ lọ bá àwọn aláìsàn ní Éfésù, òun náà ló fi Tírófímù sílẹ̀ nínú àìsàn ní Mílétù. Òun ló ní kí Tímótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀ àti àìlera rẹ̀ ìgbàkúùgbà. Ó bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta nípa ẹ̀gún tirẹ̀, ìdáhùn tó gbà ni "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ." Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ìgbàgbọ́ Pọ́ọ̀lù kéré. Gbígbẹ́kẹ̀ lé Jésù nínú àìsàn, bí mo ṣe lóye rẹ̀, ni pé kí èèyàn béèrè ohun tó fẹ́ gan-an láìfi bò, kó lo ohun tó wà lọ́wọ́, kó sì wà lọ́dọ̀ Jésù bí ìdáhùn bá pẹ́. Apá kẹta yẹn ló ṣòro jù, òun náà la kì í sábà kọ́ àwọn èèyàn.

Ọmọ_Aládùúrà

Mo bọ̀wọ̀ fún yín o, Alàgbà, ṣùgbọ́n ẹ ti fo Kíróníkà Kejì 16:12. Àìsàn wà lẹ́sẹ̀ Ásà, kò wá Olúwa, àwọn oníṣègùn ló wá, ó sì kú. Nígbà tí Wòlíì Ayọ̀ Babalọlá dé Òkè Oòyè ní Iléṣà ní 1930, ṣé oògùn ló fi ń wo àwọn èèyàn? Omi àti àdúrà ni. Bí a bá fi ẹsẹ̀ kan sí ọsibítù, tí a fi ẹsẹ̀ kejì sí orí òkè, ẹsẹ̀ wo la fi dúró?

Alàgbà_Ìjẹrù

Ìbéèrè gidi ni, mi ò ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Ẹ ka orí 16 yẹn láti òkè. Ásà ti kọ́kọ́ gbẹ́kẹ̀ lé ọba Síríà dípò Olúwa, ó ti ju Hánánì aríran sẹ́wọ̀n nítorí pé ó bá a wí, ó sì ti ni àwọn ará ìlú kan lára. Àìsàn ẹsẹ̀ náà dé ní ọdún 39 ìjọba rẹ̀, ó sì bá ọkùnrin tó ti kọ ẹ̀yìn sí Ọlọ́run tẹ́lẹ̀. Ẹ̀sùn tí ìwé náà fi kàn án ni pé kò wá Olúwa. Ẹni tó bá wá Olúwa tó sì lọ rí dókítà kò sí nínú ẹ̀sùn yẹn. Bí oníṣègùn bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, Pọ́ọ̀lù kò ní pe Lúùkù ní oníṣègùn olùfẹ́ nínú Kólósè 4:14.

Ọ̀rọ̀ Òkè Oòyè, òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúrà tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú (influenza) ní 1918, oògùn wo ni wọ́n fi sílẹ̀? Kò sí oògùn kankan láyé ìgbà yẹn tó ń wo àrùn náà, nílé wa tàbí nílẹ̀ òyìnbó. Egbòogi tiwa nígbà náà, ìgbà míì ẹbọ tàbí ọfọ̀ máa ń bá a rìn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bá kọ egbòogi, ẹbọ ló ń kọ̀. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Ìgbà tó di ìparí àwọn ọdún 1930 ni ọ̀rọ̀ náà fa ìjà pẹ̀lú àwọn míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn Aládùúrà ti bá ṣọ̀rẹ́, nítorí kínínì tí àwọn òyìnbó náà ń lò fún ibà. Amlodipine kò ní ẹbọ nínú.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa, àwọn onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn láti 1907, nígbà tí Dókítà George Green dé. Ibẹ̀ ló di ọsibítù ìkọ́ni Yunifásítì Bowen ní 2009. Láti ìgbà náà ni àdúrà àti abẹ́rẹ́ ti jọ ń gbé lábẹ́ òrùlé kan ní ìlú yìí. Ẹsẹ̀ méjèèjì lè dúró lórí ilẹ̀ Olúwa kan náà, Ọmọ Aládùúrà.

Ẹ̀rí ìwòsàn náà ní ìlànà. Nínú Lúùkù 17:14, Jésù ní kí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà, nítorí àlùfáà ni òfin yàn láti yẹ awọ ara wò. Kí ẹni tó bá ní òun ti gba ìwòsàn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ fi ara rẹ̀ han ẹni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀, kí dókítà sì jẹ́ ẹni tó máa sọ pé kó dín oògùn kù. Bí ìwòsàn bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀rọ kò ní bà á jẹ́.

Akápò_Tákíé

Ẹ jẹ́ kí n mú ti owó, nítorí owó ló máa ń kọ́kọ́ ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́ nínú ilé aláìsàn.

Ẹ má ṣe gba owó ìrànwọ́ sínú àpò ẹnì kan. Kí ó wà nínú àkáǹtì ìjọ tí èèyàn méjì ń buwọ́ lù. Owó ìtọ́jú, ẹ san án fún ọsibítù tààrà, kí ẹ gba rìsíìtì. Owó oúnjẹ àti ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ fún ẹbí lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ẹbí jẹ́ olè. Bí owó bá wà nílé, gbogbo gbèsè tó ti wà tẹ́lẹ̀ á dìde, owó oògùn á sì lọ síbẹ̀.

Kí ẹbí tó ta ilẹ̀ tàbí kí wọ́n tó yá owó èlé, kí ẹni tó gbọ́rọ̀ dáadáa nínú yín bá wọn lọ bá dókítà, kó béèrè orúkọ àìsàn náà gan-an, kó béèrè ohun tí kò ṣe é dá dúró lóṣù yìí àti èyí tó lè dúró, kó sì béèrè bóyá oògùn kan náà wà tí orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ tí owó rẹ̀ sì kéré. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn máa ń dín owó kù gan-an fún ẹni tó máa lo oògùn títí ayé. Ẹ ra èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC, ní ilé oògùn tó ní apòògùn, kì í ṣe lórí àtẹ inú ọjà. Ètò adójútòfò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, OYSHIA. Ìjọ lè san owó ọdún fún àwọn opó kí àìsàn tó dé. Ẹ béèrè ohun tí ètò náà kó mọ́ra ní ọ́fíìsì wọn kí ẹ tó sanwó, nítorí kì í ṣe gbogbo àìsàn ló máa sanwó fún.

Ẹ̀jẹ̀ náà, owó ni. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n mú ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wá, ẹbí tí kò ní ọ̀dọ́ á lọ rà á. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ tó ti ṣetán sílẹ̀ báyìí.

Ẹ̀bùn tí wòlíì kan bá béèrè kó tó gbàdúrà, ẹ má fi owó ìjọ san án. Mi ò ní àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn.

Abẹ̀wò_Apákẹ

Ọlọ́run á san án fún yín. Ohun méjì ló kù. Àwọn kan nínú wa máa ń rí àlá nípa aláìsàn, wọ́n á sì lọ sọ ọ́ fún un. Bàbá tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ sì ń sọ pé kí Olúwa kúkú wá mú òun lọ.

Ìyá_Abẹ̀wò

Ọmọ mi, ẹ fòpin sí àlá yẹn lónìí. Bí ẹnì kan bá rí àlá, kó gbé e lọ bá pásítọ̀, kó sì gbàdúrà lórí rẹ̀ nílé ara rẹ̀. "Mo rí obìnrin dúdú kan lẹ́yìn yín" ti tú ọ̀pọ̀ ilé ká. Ìyá ọkọ tàbí orogún ni gbogbo ojú á lọ bá, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ló ń wẹ aláìsàn láràárọ̀. Jòhánù 9:3 ni kí ẹ fi dáhùn bí wọ́n bá ń wá ẹni tó fà á.

Ìbẹ̀wò, ìṣẹ́jú 15 ti tó. Kí ẹ má ju mẹ́ta lọ. Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó wọlé, ẹ má jókòó lórí ibùsùn rẹ̀. Bí ẹni tó wọlé bá ní ikọ́, kó padà sílé. Ẹ béèrè ohun tó fẹ́ kí ẹ gbàdúrà lé lórí, nítorí ó lè jẹ́ oorun ni, tàbí owó iléèwé ọmọ, kì í ṣe àìsàn náà rárá. Ohun tó bá sọ ni kí ẹ sọ fún Jésù, ní ohùn jẹ́jẹ́. Ọlọ́run kò dití, aláìsàn náà kò sì dití. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í fún ọjọ́ méje láìsọ̀rọ̀, ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àṣìṣe.

Ti bàbá yẹn, ẹ má fi "ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ̀yin ò ní kú" pa á lẹ́nu mọ́. Èlíjà sọ irú rẹ̀ lábẹ́ igi nínú Àwọn Ọba Kìíní 19. Áńgẹ́lì kò bá a wí, oúnjẹ àti omi ló gbé síwájú rẹ̀, ó sì jẹ́ kó sùn. Ẹ ka Sáàmù 88 fún un, kò sí ọ̀rọ̀ dídùn ní ìparí rẹ̀, ó sì wà nínú Bíbélì. Ṣùgbọ́n ẹ tún bi í léèrè láìyí ọ̀rọ̀ po: ṣé ó ti sú u ni, àbí ó ń ronú láti pa ara rẹ̀? Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Bó bá jẹ́ èkejì, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò àti àpò oògùn rẹ̀ kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sọ fún dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ wo ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ìyàwó rẹ̀ bá lè sùn ní òru méjì lọ́sẹ̀ nítorí pé ẹnì kan nínú yín wà níbẹ̀, ìyẹn náà wà lára àdúrà tí ẹ gbà.

Abẹ̀wò_Apákẹ

A ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, mà. Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ̀rọ ayẹ̀wò ṣúgà kan tó fún gbọ̀ngán àdúrà?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Ọ̀kan tó, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò bá wà nítòsí ní gbogbo òru. Irú sítíríìpù tó bá ẹ̀rọ náà mu ni kí ẹ rà, ti ẹ̀rọ míì kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́ lára agolo rẹ̀, kí ẹ sì máa dé e pa lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ọ̀kan, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń bà á jẹ́. Abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ aláìsàn kí ẹ tó gún un: bí ọsàn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ á ní ṣúgà rẹ̀ ga nígbà tó jẹ́ pé ó ti já wálẹ̀.